Ẹ Má Tíì Ju Ìnsóòlù Yẹn Sẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tú nǹkan kan jáde nínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n ní "Ọmọ mi, gbà, bóyá o lè bá mi rí ẹni tó máa rà á." Mo wò ó, ìnsóòlù ni, ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà kí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ èèyàn gan-an wọ̀n, tó mọ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín bí ìkarahun ṣe mọ ìgbín. Ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ló sanwó ẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta péré làwọn fi lò ó, ńṣe ló ń gún àwọn lábẹ́ ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ tó ń dun àwọn ò kúrò, orúnkún tún ti wá dá sí i. Mo ní ẹ jẹ́ n rí bàtà tẹ́ ẹ fi í sí. Bàtà pẹlẹbẹ kan ni, tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sọ́jà, wọn ò sì yọ ìnsóòlù tó bá bàtà wá kúrò, orí ẹ̀ ni wọ́n gbé tuntun lé, gìgísẹ̀ wọn wá ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ jáde lẹ́yìn bàtà. Ṣé ìnsóòlù ló wá jẹ̀bi báyìí?

Mi ò bá wọn tà á o. Mo ní kí wọ́n jókòó, a jọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tá a sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí nítorí kì í ṣe àwọn nìkan. Láàrin ọdún 18 tí mo ti ń ṣe ṣúmékà, àwọn tó ń gbé ìnsóòlù àkànṣe wá pé kò ṣiṣẹ́ ò lóǹkà, tí mo bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ìlàjì wọn ló jẹ́ pé bàtà ni wọn ò mú dáadáa tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fi ìkánjú wọ̀ ọ́. Èmi kì í ṣe dókítà o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ sódì. Ṣùgbọ́n àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan ní ọsibítù, máa ń rán èèyàn sí mi kí n bá wọn gbé bàtà ga tàbí kí n fẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀, ìyókù, bàtà ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí nǹkan yìí ń ṣe ná. Eegun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, láti ọrùn ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Iṣan kan tún wà lábẹ́ ẹ̀ tó nà láti gìgísẹ̀ lọ dé ìdí ọmọnìka, òun ló fa abẹ́ ẹsẹ̀ ró bí ọṣán ṣe ń fa ọrun. Tí iṣan yẹn bá ń jẹ ìyà jù níbi tó ti so mọ́ gìgísẹ̀, ẹ máa mọ̀: tẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, áà, bí ẹni tẹ ìṣó mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá rìn díẹ̀ á rọlẹ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó pẹ́ tẹ́ ẹ tún dìde á tún padà. Àwọn ìyá tó ń fi gbogbo ọjọ́ dúró nídìí agbada gàrí, àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, télọ̀ tó ń dúró gé aṣọ, àwọn ni mo máa ń rí jù. Àwọn míì, ẹsẹ̀ wọn ló tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí kòtò lábẹ́ ẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á wá máa wó sínú, iṣan tó gba abẹ́ kókósẹ̀ inú kọjá á máa ro wọ́n. Àwọn míì sì rèé, kòtò abẹ́ ẹsẹ̀ tiwọn jìn jù, gìgísẹ̀ àti ìdí ọmọnìka nìkan ló ń gbé gbogbo ara, ẹsẹ̀ irú wọn ló máa ń yí síta tó sì máa ń rọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ìnsóòlù àkànṣe ń ṣe ò ju kó pín ẹrù lọ. Á gbé ibi tó ṣubú ró díẹ̀, á kún ibi tó ṣófo, á di gìgísẹ̀ mú kó má máa jó kiri, á gba ẹrù kúrò níbi tó ń dùn lọ síbi tó lágbára. Kì í sọ ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ di ẹsẹ̀ míì, kì í yọ kókó ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kúrò. Ẹni tó bá ní òun ní ìnsóòlù tó ń wo gbogbo ìyẹn sàn, tó tún ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn, tó ń polówó nínú bọ́ọ̀sì ní Gáràjì Èkó, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka bàtà àtijọ́ yín

Kẹ́ ẹ tó náwó kankan, ẹ lọ mú bàtà tẹ́ ẹ ti wọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà wá. Ẹ gbé méjèèjì sórí tábìlì, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá wọn dọ́gba, ẹ wò wọ́n látẹ̀yìn. Ó yẹ kí ẹ̀yìn bàtà dúró ṣánṣán. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni méjèèjì forí kora bí àwọn méjì tó ń ṣòfófó, ọrùn ẹsẹ̀ yín ń wó sínú nìyẹn. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, tí ẹ̀gbẹ́ ìta ti jẹ láti gìgísẹ̀ títí dé iwájú, síta lẹ ń tẹ̀. Ẹ wá dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ wo sóòlù. Kó jẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá ìta, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, ibẹ̀ ni gìgísẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé inú ló jẹ, tàbí àárín ìdí ọmọnìka ló ti jẹ wọnú, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí, kí bàtà kan tètè jẹ ju ìkejì lọ. Bàbá kan tó ń bá wọn to obì sápò ní Sábo, Ṣàgámù, ló gbé bàtà wá fún mi, tòsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, tọ̀tún ṣì dà bíi tuntun. Mo ní bàbá, ẹ jẹ́ kí físíò wọn ẹsẹ̀ yín wò, ó lè jẹ́ pé méjèèjì ò gùn dọ́gba. Bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́. Ìgbà tí wọ́n padà dé, ìwé tí wọ́n mú bọ̀ sọ iye tí mo máa gbé bàtà kan ga. Tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, a lè fi sínú bàtà lábẹ́ gìgísẹ̀, tó bá jù bẹ́ẹ̀, abẹ́ sóòlù níta la ti máa gbé e, torí inú bàtà ò ní gbà á, ẹsẹ̀ á máa yọ jáde. Mo fi fóòmù líle gbé e, mo rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo kùn ún dúdú, ẹ ò lè mọ̀ àyàfi tẹ́ ẹ bá gbé e lọ́wọ́. Ẹ̀yìn tó ti ń ro wọ́n tipẹ́ ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ fúyẹ́.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ mọ bí abẹ́ ẹsẹ̀ yín ṣe rí, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi, kẹ́ ẹ tẹ orí páálí gbígbẹ. Tí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá hàn pátá láìku ibì kan, ẹsẹ̀ yín tẹ́ nìyẹn, tó bá jẹ́ gìgísẹ̀ àti iwájú nìkan ló hàn tí àárín ò sí rárá, kòtò ẹ̀ jìn. Ìyẹn ò sọ pé ẹ ṣàìsàn o! Ọ̀pọ̀ èèyàn lẹsẹ̀ wọn tẹ́ tí nǹkan kan ò dùn wọ́n láti kékeré. Bí kì í bá ṣe ti alátọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ tí kò dun èèyàn kò nílò ìnsóòlù. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pàápàá, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn máa ń tẹ́, kòtò yẹn á máa yọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà títí wọ́n á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní bàtà onírin fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń sáré kiri tó ń ṣeré ẹ̀.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ àkànṣe?

Ọ̀rọ̀ tó máa dun àwọn tó ń tà á nìyí. Fún gìgísẹ̀ tó ń dunni lásán, àwọn olùwádìí ti fi ìnsóòlù àkànṣe wé èyí tó ti wà ní sáìsì-sáìsì lórí igbá, ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ò tó nǹkan. Torí náà tó bá jẹ́ gìgísẹ̀ àárọ̀ yẹn ni, ẹ kọ́kọ́ ra èyí tó wà lórí igbá, èyí tó ní kọ́ọ̀pù tó jìn ní gìgísẹ̀ tí àárín ẹ̀ sì le díẹ̀, kì í ṣe fóòmù tó rọ̀ bí búrẹ́dì yẹn o. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ ọ́n: mo máa fi àtàǹpàkò tẹ àárín ẹ̀, tó bá wọlé pátá tó sì dúró síbẹ̀, ẹran ara yín tó wúwo á tẹ̀ ẹ́ pa lọ́jọ́ kìíní. Ẹ lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú eré ìdárayá tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń ní kí wọ́n lọ ṣe àkànṣe ni àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò bá ti ọjà mu rárá, àwọn tí làkúrègbé ti yí ọmọnìka wọn po, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gùn dọ́gba, àwọn tó ti lo ti orí igbá tí kò ran wọ́n lọ́wọ́, àti àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ wọn ti ń kú. Àwọn tá a dárúkọ kẹ́yìn yìí, mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ibo la ti ń ṣe é? Tẹ́ ẹ bá wà ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ físíò, ẹ̀ka wọn wà ní ọsibítù ńlá Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, ti Babcock náà wà ní Ìlíṣàn. Wọ́n á yẹ ẹsẹ̀ yín wò, wọ́n á ní kẹ́ ẹ rìn lọ rìn bọ̀, kẹ́ ẹ fi ọmọnìka dúró, wọ́n á sì sọ ibi tẹ́ ẹ máa lọ. Ọsibítù eegun ti Igbóbì l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ ń lọ fún iṣẹ́ yìí, ọsibítù náà ti wà láti 1945, ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n tó ń mọ ọ́n ni wọ́n ń pè ní orthotist, ẹ bi í pé ṣé òun gan-an ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ wọn ẹsẹ̀ yín.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n lè gbà wọ̀n ọ́n. Àwọn kan á gbé àpótí fóòmù kalẹ̀, ẹ máa tẹ ẹsẹ̀ sí i bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, àmì ẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Àwọn kan á fi POP, ẹfun líle tí wọ́n fi ń wé eegun tó ṣẹ́, wé e, ẹ̀rọ làwọn míì fi ń yàwòrán ẹ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló ṣe pàtàkì. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ gbé bàtà méjì lọ, èyí tó ti jẹ àti èyí tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi ìnsóòlù sí. Ẹ má fọ ti àtijọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín bá yín fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí inú ẹ̀ ló ń fi ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù hàn. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe fún wọn, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe ń dúró tó lójúmọ́, ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tó wà lára, pàápàá ti ṣúgà.

Níbi ọ̀rọ̀ ṣúgà yìí, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́ ìnsóòlù, bàbá kan wá, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ń ta àwọn, mo fi awọ líle àti kọ́ọ̀kì gbé abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ró, mo lọ̀ ọ́, ó ń dán, inú mi dùn sí ara mi. Mo bi wọ́n pé ṣé kò gún yín, wọ́n ní kò gún àwọn rárá. Mi ò béèrè bóyá wọ́n ní àtọ̀gbẹ, wọn ò sì sọ. Ó ń gún wọn o, wọn ò mọ̀ ọ́n lára ni, àtọ̀gbẹ ti pa ìmọ̀lára abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, gbogbo títa tó ń ta wọ́n yẹn, àmì ẹ̀ ni. Ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó wọn rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀. Ó gba oṣù púpọ̀ kí egbò yẹn tó jiná. Ọlọ́run ló yọ wá, èmi àti àwọn. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi oníbàárà ni pé "Ṣé ẹ ní ṣúgà lára?" tí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀, mo ní ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ padà wá.

Torí náà, alátọ̀gbẹ: fóòmù rírọ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ yín mọ ni tiyín, kì í ṣe rọ́bà líle, ọsibítù ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lọ́dọ̀ irú mi. Bàtà yín gbọ́dọ̀ fẹ̀ kó sì jìn, kí ojú rírán inú ẹ̀ má sì yọ síta. Ẹ máa tọwọ́ bọ inú bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́, òkúta, ìṣó, mo ti rí kọ́bọ̀ tẹ́nì kan fi rìn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kẹ́ ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́, tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ̀ dé ibẹ̀ ẹ fi dígí wò ó. Tí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó pọ́n tó sì gbóná ju ìkejì, bí kò tilẹ̀ dùn yín, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn o, ẹ má dúró de agbo.

Bàtà tó máa gbé e

Ibí gan-an ni mo ń bọ̀ látàárọ̀. Ìnsóòlù dà bí ìpìlẹ̀ tí wọ́n bu sórí erùpẹ̀, tí erùpẹ̀ abẹ́ ẹ̀ bá ń mì, kò sí bó ṣe dáa tó. Sílípáàsì kò lè gbé e. Bàtà pẹlẹbẹ awẹ́ kan ò lè gbé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bàtà, bóyá òkìrìkà ni o, tuntun ni o (òkìrìkà tó dáa sàn ju tuntun tí kò dáa lọ lójú tèmi, bí sóòlù ẹ̀ ò bá ṣáà tíì jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan), ẹ fi ọwọ́ méjì dán an wò níbẹ̀, ẹ má tijú ẹni tó ń tà á. Ẹ fún ẹ̀yìn ẹ̀ níbi gìgísẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wó. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ, kò gbọ́dọ̀ lọ́ pátá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ibi ìdí ọmọnìka nìkan ló yẹ kó ti tẹ̀, bàtà tó bá tẹ̀ láàárín, ẹ dá a padà. Kó ní okùn tàbí bẹ́líìtì tó di orí ẹsẹ̀ mú. Kí ìnsóòlù inú ẹ̀ ṣeé yọ, ìyẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ, torí tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ ni àyè máa wà fún àkànṣe.

Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa lọ ra bàtà, ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ gbé ìnsóòlù yín lọ, ẹ fi sínú bàtà náà, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dìde dúró, kó ṣẹ́ ku bí ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ kan níwájú ọmọnìka tó gùn jù. Tí gìgísẹ̀ bá ń yọ, kò jìn tó, ẹ fi sílẹ̀.

Fún àwọn tó ń wọ kọ́fà lọ síṣẹ́ tàbí bàtà tó fún níwájú, ẹ sọ fún ẹni tó ń wọ̀n yín kó ṣe èyí tí kò dé iwájú, tó parí síbi tí ìdí ọmọnìka ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í gba àyè, ẹ sì lè máa yọ ọ́ láti inú bàtà kan sí òmíì.

Gígé: tó bá gùn jù, ẹ yọ ìnsóòlù àtijọ́, ẹ tò ó lórí tuntun kí gìgísẹ̀ méjèèjì bára dọ́gba, kẹ́ ẹ fi bírò fa ìlà sí iwájú, ẹ gé e ní ìta ìlà díẹ̀, kì í ṣe orí ìlà, torí ohun tẹ́ ẹ bá gé kò ṣeé lẹ̀ padà. Iwájú nìkan la ń gé. Ẹni tó bá gé ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ti bà á jẹ́, mo sì ti rí i tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bàtà.

Tó bá jẹ́ ìdí ọmọnìka ló ń dùn yín, tí wọ́n fún yín ní tìmùtìmù kékeré kan bí awùsá kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ìnsóòlù, ẹ̀yìn ibi tó ń dùn ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ o, lápá gìgísẹ̀ díẹ̀, kó lè gbé eegun ró kúrò nílẹ̀. Àwọn èèyàn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ń dùn gan-an, á wá ń tẹ egbò mọ́lẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti fi owó wọn ṣòfò.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà

Ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á, ẹ má wọ̀ ọ́ lọ sí òde ìnáwó. Wákàtí kan péré nínú ilé, ẹ yọ ọ́. Ọjọ́ kejì wákàtí méjì, ẹ máa fi wákàtí kan kún un lójúmọ́. Tó bá ro yín, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ dé fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀sẹ̀ méjì sí oṣù kan ló máa ń gbà kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó lè wọ̀ ọ́ ṣúlẹ̀. Ẹ̀yin tó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tó ń sáré láàárọ̀, ẹ dúró títí ẹ ó fi lè fi rìn ní gbogbo ọjọ́ láìsí ìnira.

Kó dà bíi pé nǹkan kan ń tẹ abẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹran ẹsẹ̀ tàbí orúnkún rẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ò burú, iṣan ń kọ́ iṣẹ́ tuntun ni. Ṣùgbọ́n kí awọ bó, kó ró omi, kí ọmọnìka máa kú, tàbí kí ìrora tuntun máa le sí i lójoojúmọ́, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é. Ìgbà tẹ́ ẹ máa padà lọ sábà máa ń wà nínú owó tẹ́ ẹ san, wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ níbì kan, wọ́n á fi kún ibòmíì. Ìyá tó fẹ́ kí n bá wọn ta tiwọn, wọn ò padà lọ rárá, wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ojú ń ti ẹni tó sanwó!

Ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo ilé báyìí ló ní táìsì, a máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ lásán lórí táìsì líle látàárọ̀ dalẹ́. Tó bá jẹ́ gìgísẹ̀ ló ń ṣe yín, ẹ ní sílípáàsì kan tó nípọn, tí abẹ́ ẹ̀ gbé ẹsẹ̀ ró, tí kì í jáde nílé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ má jẹ́ lórí táìsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ mọ́ṣáláṣí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, àti ẹ̀yin aláṣọ funfun tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ lásán rìn, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi ìjọsìn sílẹ̀, ẹ wọ bàtà yín dé ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ tún wọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ bá ń bọ̀.

Eré ìdárayá tí mo sọ nìyí, torí ìnsóòlù láìsí i dà bí ẹni ń gbálẹ̀ tí ọmọ ń da ìdọ̀tí sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ dojú kọ ògiri, ẹsẹ̀ kan níwájú, èyí tó ń dùn lẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn má kúrò nílẹ̀, ẹ fi ara ti ògiri títí ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á fi fà, ẹ ka 30, ẹ̀ẹ̀mẹta, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ fi aṣọ ìnura kọ́ iwájú ẹsẹ̀, ẹ fà á sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ fi ike omi sínú fíríìsà, tó bá ti dì ẹ máa yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ kí yìnyín má jó yín. Tí ọrùn ẹsẹ̀ yín bá ti rọ́ rí, tó máa ń yí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan dúró bẹ́ ẹ bá ń fọ eyín, kẹ́ ẹ dúró sítòsí ògiri o. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ ní tiẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnsóòlù: tẹ́ ẹ ò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀kísíréè lẹ ń lọ ṣe, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi òrí fà á.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le. Ẹ máa yọ ọ́ lálẹ́ kó gba afẹ́fẹ́, ẹ fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, ẹ sá a sí ibòji. Oòrùn àti inú mọ́tò tó gbóná máa ń ká a kò bí ewé gbígbẹ, ẹ má sì sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Èyí tó jẹ́ fóòmù lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ti rọ́bà líle ń pẹ́ ju ìyẹn lọ, tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ti tẹ́ tàbí pé ìrora àtijọ́ ti ń yọjú padà, àsìkò ti tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ Ojúde Ọba, mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo régbérégbé ló máa jáde, ìyá tí gìgísẹ̀ ń dùn látọdún, wọ́n á gbé bàtà gogoro sẹ́sẹ̀, wọ́n á jó látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bàtà gogoro ń ti gbogbo ara síwájú sí ìdí ọmọnìka, ìnsóòlù kankan ò lè bá yín yanjú ìyẹn tán. Tó bá jẹ́ dandan, ẹ mú èyí tí gìgísẹ̀ ẹ̀ gbòòrò tí kò sì ga ju ìka mẹ́ta lọ, tó ní bẹ́líìtì lọ́rùn ẹsẹ̀, mo lè bá yín fi ìnsóòlù kékeré sí iwájú ẹ̀ kó má máa yọ̀, kẹ́ ẹ sì ní bàtà ìtura nínú báàgì. Ẹ gbé e wá ní oṣù kan ṣáájú o. Gbogbo ìlú ló ń gbé bàtà wá fún mi lọ́sẹ̀ Iléyá, tí wọ́n á máa sọ pé "ọ̀la ni mo fẹ́ o," lọ́dún tó kọjá mi ò rí ẹran Iléyá jẹ títí di ọjọ́ kejì, orí máṣíìnì ni mo sùn.

Ìyá yẹn ti padà wá lánàá. A ti rí kánfáàsì kan fún wọn lórí òkìrìkà ṣáájú ìgbà yẹn, dúdú, okùn wà lórí ẹ̀, mo yọ inú ẹ̀, ìnsóòlù wọn jókòó sínú ẹ̀ wọ̀ọ̀. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n dé báyìí. Wọ́n ní gìgísẹ̀ ṣì ń dùn láàárọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ti ń dé ilé ìdáná kí àwọn tó ráńtí ẹ̀.